Orúkọ Àgbà Lẹ́nu Géètì

Orí tábìlì ni Tinúadé dúró sí, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọ̀gá ṣọ́jà, ó ń kọ́ ogójì ọmọ iléèwé bí èèyàn ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn láì wo ìbọn, nígbà tí ọkùnrin kan tí òróró ẹ́ńjìnnì yí lápá dé ìgbọ̀nwọ́ ṣílẹ̀kùn wọlé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí àga. Ó bá lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ náà, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó sì tẹ́tí.

"Iwájú ni kí ẹ máa wò," Tinúadé ń wí. "Ẹ má sáré, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má na ìka sí nǹkan kan. Ta ló ní ìbéèrè?"

Ọkùnrin náà nawọ́ sókè.

"Àǹtí, ṣé ẹ máa ń mú àwọn arúgbó náà lọ?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Tinúadé kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ti ń la ẹnu láti fún un ní èyí tó tọ́ sí i, àfi bó ṣe wo ojú rẹ̀ tó rí i pé kò ṣeré rárá. Ojú náà dára, kí n má purọ́. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì ní èjí.

"Arúgbó mélòó?"

"Méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹgbẹ́ àwọn onílé Orílé Agége ni, bàbá mi sì ni alága wọn. Wọ́n ní àwọn dìbò lọ́dún 1959, àwọn ò sì tíì fojú rí ibi tí ìbò náà wọlé sí. Wọ́n wá gbọ́ pé ìjọba ń kó ẹrù lọ sí Àbújá. Wọ́n ní kó tó kó o tán, àwọn gbọ́dọ̀ débẹ̀."

Ẹ̀rín gbọ̀n Tinúadé nínú, ó gbé e mì. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ kọ́kọ́ dìde nílẹ̀ ná," ó ní. "Ẹ ti fi òróró kun gbogbo ilẹ̀ mi."

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991 nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Arìnká ni Tinúadé ń bá ṣiṣẹ́, yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà. Ọ̀gá Olúgbénró ló ni ín, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ló mọ ẹni tó ń gbé e rìn. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣètò ẹkíṣọ́ọ̀nù: wọ́n á kó ọmọ iléèwé, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tàbí òṣìṣẹ́ fáktírì lọ wo àwọn ilé ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, pàápàá ilé aṣòfin àtijọ́ ní Réèsì Kọ́ọ̀sì. Ayé le nígbà náà. Ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù ti sọ búrẹ́dì di oúnjẹ ọlọ́rọ̀, ṣọ́jà ló wà lórí oyè, kò sì sí aṣòfin kan ṣoṣo nínú ilé aṣòfin. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń fẹ́ rí i. Ohun tó bá jẹ́ tẹni, ó yẹ kéèyàn fojú kàn án.

Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n á tẹ orúkọ gbogbo àlejò sínú ìwé, wọ́n á gbé e lọ fún òǹtẹ̀, ìwé tó gba òǹtẹ̀ yóò sì lọ tààrà sọ́wọ́ ṣọ́jà tó ń ṣọ́ géètì. Lọ́jọ́ ọ̀hún, amọ̀nà á pe orúkọ, olórúkọ á dáhùn, á sì wọlé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé, ìbáà ṣe ìyá gómìnà, ìta ló máa wà. Ọdún mẹ́rin ni Tinúadé ti ń ṣe é, wọn ò sì tíì dá ẹnì kankan padà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó máa ń fi í yangàn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Àjíṣọlá lorúkọ ọkùnrin olóróró yẹn. Fáktírì bisikíìtì kan ní Oregun ló ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ó ní òun máa mú orúkọ àwọn àgbà wá lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ dé, òun náà dé, orúkọ kò dé. "Mo ṣì ń kó wọn jọ," ó ní, ó sì gbé bisikíìtì fífọ́ kalẹ̀ nínú ọ̀rá, irú èyí tí fáktírì máa ń pín fún òṣìṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ kejì, bákan náà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Tinúadé fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé orúkọ lẹ ń kó jọ ni, àbí ẹ fẹ́ fi bisikíìtì sọ mí di àgbá?"

"Méjèèjì," Àjíṣọlá ní. "Àmọ́ bisikíìtì ló rọrùn jù."

Kò lọ bọ̀rọ̀. Ó rí i pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Tinúadé ń há lẹ́nu, ó tú u palẹ̀, ó nù ún, ó tò ó padà, ó sì fi tẹ orúkọ Tinúadé lẹ́ẹ̀mẹfà láti fi dán an wò. Ọ̀gá Olúgbénró yọjú láti yàrá kejì.

"Tinúadé, ọkùnrin yìí, ṣé ẹ̀rọ mi ló ń tún ṣe ni àbí akọ̀wé mi ló fẹ́ gbé lọ?"

"Ẹ jẹ́ kó tún ẹ̀rọ ṣe tán ná, Ọ̀gá," Tinúadé dáhùn, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Àfi ẹni tí kò ní ojú ni kò ní rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rélùwéè lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n á ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, wọ́n á máa jẹ ẹ́ lọ. Tinúadé á máa sọ bí gbọ̀ngàn aṣòfin ṣe rí, bí àga ibẹ̀ ṣe tò, ibi tí ẹni tó ń darí ìjókòó máa ń jókòó sí. Àjíṣọlá mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀bùn tí Ọlọ́run kò fi fún gbogbo ọkùnrin nìyẹn. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó yí padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù dá wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ó gùn, ó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀. Àjíṣọlá dúró wámúwámú títí ìrù rẹ̀ fi kọjá.

"Tinú, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Látìgbà tí orí ọkọ̀ yìí ti kọjá ni mo ti sọ fún ara mi pé tó bá ti lọ tán, n ó sọ ọ́."

"Tí kò bá wá lọ tán ńkọ́?"

"À bá jọ máa dúró ni."

Ayọ̀ kún Tinúadé lọ́kàn, kò sì fi pamọ́. Ó di ọwọ́ Àjíṣọlá mú ní gbangba ọ̀nà, tòun ti eérú bọ̀ọ̀lì, ó ní òun náà ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ látìgbà tó ti nawọ́ sókè láàárín àwọn ọmọdé.

Ìfẹ́ kò le. Àwọn tó bí olólùfẹ́ ló kù. Ọmọ aláàdúrà ni Tinúadé. Bàbá rẹ̀, Olúṣínà káfíńtà, ti di olóògbé, ìyá rẹ̀ sì ni Ìyá Àdúrà nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ọ̀gbà. Tinúadé rò pé ibẹ̀ ni ìjà máa wà. Ó kúnlẹ̀, ó ní Mùsùlùmí lẹni tóun rí.

"Ṣé ó máa ń gbàdúrà?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóòjọ́, Màámi."

"Ó ti ju àwọn kan lọ nínú ìjọ wa nìyẹn. Mú un wá kí n rí i."

Agége gan-an ni ọ̀rọ̀ ti há. Bàbá Àjíṣọlá jẹ́ èèyàn ńlá ní Orílé, Àlàájì lásán ni gbogbo ayé ń pè é, ẹni tó bá sì pe Àlàájì ládùúgbò yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Àjíṣọlá dọ̀bálẹ̀, ó ní òun rí ọmọ kan ní Ọ̀gbà, aláàdúrà ni. Àlàájì kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí rẹ̀.

"Ọmọ aláàdúrà kankan kò ní wọ ilé mi gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, Àjíṣọlá. O ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì tí mo sì tún ní rárá, a ti sin ín nìyẹn."

Gbogbo Orílé mọ̀ pé bí Àlàájì ṣe wí ló máa ń rí. Ìgbà kan ṣoṣo ló kù fún wọn.

"Mi ò ní sọ ọ́ báyìí," Àjíṣọlá sọ fún Tinúadé. "Jẹ́ kí bàbá mi kọ́kọ́ rí ọ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ẹkíṣọ́ọ̀nù. Wọn ò mọ ojú rẹ. Bí wọ́n bá rí irú ẹni tí o jẹ́, tí inú wọn dùn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni n ó sọ ọ́."

"Mi ò fẹ́ràn kí n máa fara pamọ́."

"O ò fara pamọ́. Ojúmọmọ lo máa wà, níwájú gbogbo wọn."

Tinúadé rò ó, ó gbà. Iṣẹ́ ni ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Bí a bá ní kí a fi iṣẹ́ gba ọkọ, ta ló fẹ́ bá a du ú?

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọ̀gá Olúgbénró rán an lọ sí Àbújá fún ọjọ́ márùn-ún, kó lọ wo àwọn ilé tuntun tí wọn yóò máa mú èèyàn lọ wò lọ́jọ́ iwájú. Tinúadé fa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lé Àjíṣọlá lọ́wọ́. "Orúkọ méjìlélọ́gbọ̀n," ó ní. "Tẹ̀ ẹ́, kí Ọ̀gá gbé e lọ fún òǹtẹ̀." Nígbà tó dé, ìwé ti lọ.

"Gbogbo orúkọ pé?"

"Ó pé pérépéré," Àjíṣọlá ní.

Tinúadé kò sì wo ẹ̀dà tó wà nínú fáìlì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò ní yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò. Ìfẹ́ ló fà á.

Ọjọ́ náà pé, ní ìparí oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ náà ló sì kẹ́yìn, nítorí láti ọ̀la ni wọ́n máa ti ilé aṣòfin fún àlejò, kí kíkó ẹrù lè bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kó àwọn àgbà láti Orílé ní aago méje àárọ̀. Agbádá wà níbẹ̀, ìró àti ìborùn wà níbẹ̀, òórùn tùràrí pọ̀ bíi ti ọjọ́ Iléyá. Tinúadé kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àlàájì jókòó síwájú pátápátá, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín orúnkún.

"Ta ni ọmọ yìí?"

"Amọ̀nà wa ni, Bàbá," Àjíṣọlá dáhùn.

"Wọ́n kọ́ ọ dáadáa nílé," Àlàájì ní. Àjíṣọlá ṣẹ́jú sí Tinúadé láti ẹ̀yìn. Orí afárá kẹta tuntun ni wọ́n gbà, àwọn ìyá ń wo ọ̀sà, wọ́n ń ké "Ọlọ́run tóbi", gbogbo nǹkan sì ń lọ geerege títí wọ́n fi dé géètì.

Sájẹ́ǹtì kan tó ga bí òpó iná ló wà níbẹ̀. Ó fa ìwé tó ní òǹtẹ̀ yọ, ó nà án sí Tinúadé.

"Madam, good morning. Call dem name make dem dey enter."

Tinúadé gba ìwé, ó wò ó. Orúkọ kìíní ni *Baba mi*. Èkejì ni *Iya Suliya*. Ẹ̀kẹta ni *Alhaji Onisimenti*. Lẹ́yìn wọn ni *Iya Yemi, Baba Olopaa Tele, Iya Ibeji Ile Keji*. Ó kà á títí dé ìsàlẹ̀. Méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n lóòótọ́. Kò sí orúkọ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ó fa Àjíṣọlá sẹ́yìn bọ́ọ̀sì.

"Kí lèyí?"

"Orúkọ wọn ni."

"Àjíṣọlá! Ta ni wọ́n sọ ní Ìyá Ìbejì Ilé Kejì lọ́jọ́ kẹjọ?"

Ojú ti Àjíṣọlá. "Mo lọ káàkiri ilé wọn, Tinú. Ojúlé dé ojúlé. Bí mo bá ní 'Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?', wọ́n á wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, wọ́n á ní 'Ṣé o ò mọ̀ mí mọ́ ni?' Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti dàgbà. Báwo ni mo ṣe máa ní mi ò mọ̀ wọ́n? Ti bàbá mi gan-an tí mo mọ̀, ṣé kí n tẹ orúkọ bàbá tó bí mi gàdàgbà sórí ìwé kí ṣọ́jà máa pè é?"

Inú bí Tinúadé débi pé omi gba ojú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin láìsí àbùkù, òní ló wá fẹ́ bà jẹ́, níwájú Àlàájì! Bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá fi agbádá àti ìborùn wọn padà sí Agége láì wọlé, ta ló máa tún dárúkọ òun nílé yẹn? Ó nu ojú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tọ́ dáadáa ní Orílé ni ì bá ṣe irú àṣìṣe yìí, òun gan-an ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

"A máa jà lọ́la," ó ní. "Òní, dúró tì mí."

Ó padà sọ́dọ̀ Sájẹ́ǹtì, ó ṣàlàyé. Sájẹ́ǹtì gbọn orí.

"Madam, who be 'Baba mi'? My oga go ask me. I no fit."

"Oga, abeg, wetin people dey call your mama for house?"

Ọkùnrin náà dáhùn: "Mama Sunday."

"Na Sunday be her name?"

"Sunday na my senior brother." Ẹ̀rín ti ń yọ lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gbìyànjú láti dì í. "Okay. Write dem correct name for side, one by one. You go sign am. As you call, owner go answer. If one person no get correct name, nobody enter. Ten o'clock I close dis gate."

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá.

Ta ló fẹ́ béèrè orúkọ lọ́wọ́ àgbà? Tinúadé bọ́ bàtà rẹ̀, ó mú bírò, ó lọ kúnlẹ̀ lórí kọnkéré níwájú Ìyá Sùlíyá, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ìyá.

"Ìyá mi, èmi ni Tinúadé, ọmọ Olúṣínà káfíńtà. Kì í ṣe pé a ò mọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo ni bàbá yín sọ yín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ?"

Ìyá àgbà wò ó.

"Ọmọ́bọ́láńlé," ó ní. "Látìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó tẹ̀ lé e, ó sọ orúkọ tirẹ̀ àti ọmọ ẹni tó jẹ́, kó tó béèrè. Ìyá Yẹmí ń jẹ́ Khàdíjàt. Àlàájì Onísìmẹ́ńtì ń jẹ́ Quadri. Bàbá Ọlọ́pàá Tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ Iṣẹ́olúwa, ó sì ní kí wọ́n má sọ fún àwọn ayálégbé òun. Ìyá Ìbejì kò dúró kí ó kàn án, òun fúnra rẹ̀ ló ké "Oyinadé ni mo ń jẹ́ o!" Àwọn tó ti jọ ń gbé àdúgbò kan láti ogójì ọdún ń wo ara wọn, wọ́n ń ní "Ṣé orúkọ rẹ nìyẹn?" Orúnkún Tinúadé ti bó. Àjíṣọlá tò lẹ́yìn rẹ̀, ó bá a di ìwé mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e.

Ó wá ku ẹnì kan. Àlàájì kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Tinúadé gòkè lọ bá a, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn àga.

"Wọ́n ní orúkọ mi lo fẹ́ gbọ́," Àlàájì ní. "Ọmọ tí mo bí kò lè kọ ọ́, ìwọ wá fẹ́ kọ ọ́."

"Ọmọ yín kò lè kọ ọ́ nítorí pé ẹ kọ́ ọ dáadáa, Bàbá. Èmi náà mọ̀ pé kò yẹ. Ìdí tí mo fi kúnlẹ̀ nìyẹn."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Tinúadé mọ̀ pé òun lè sọ pé ọmọ Olúṣínà káfíńtà, bí òun ṣe sọ ọ́ fún àwọn yòókù, kó sì tán síbẹ̀. Lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, Àjíṣọlá ń gbọn orí fún un kíkankíkan. Bó bá sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀kejì Àlàájì nìyẹn, kò sì sí ẹ̀ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe máa gba orúkọ lọ́wọ́ àgbà, kó wá fi ìdajì tirẹ̀ pamọ́? Ẹ̀rù bà á. Ó sọ ọ́.

"Èmi ni Tinúadé. Olúṣínà káfíńtà ni bàbá mi, Ọlọ́run ti pè é. Ìyá mi ni Ìyá Àdúrà ti ìjọ aláṣọ funfun ní Ọ̀gbà. Èmi ni ọmọ tí Àjíṣọlá sọ fún yín, tí ẹ ní kò gbọdọ̀ wọ ilé yín. Ẹ ò tíì rí mi lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. Èmi náà rèé."

Àlàájì wo orúnkún rẹ̀ tó bó, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wá wo ìta, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pe ara wọn lórúkọ bí ọmọdé.

"Àṣírù," ó ní. "Àṣírù Sànní. Kọ ọ́."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tinúadé kọ ọ́, ó dúpẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá "bẹ́ẹ̀ ni" ni wọ́n sọ fún òun tàbí "rárá".

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó fọwọ́ sí ìwé. Nítorí pé Àlàájì ló gbẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, òun ló tò sẹ́yìn gbogbo wọn. Tinúadé gbé ohùn sókè, ó ń pè wọ́n.

"Ọmọ́bọ́láńlé!"

"Èmi nìyí o!" Ìyá Sùlíyá dáhùn, ó fi ìjó wọ géètì.

Khàdíjàt dáhùn. Quadri dáhùn. Oyinadé dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Sájẹ́ǹtì ń fi bírò sàmì, ẹ̀rín rẹ̀ kò ṣeé dì mọ́. Ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọlé. Ó ku ẹni ìkẹyìn. Tinúadé wo orúkọ náà, ó mí sínú, ó la ẹnu.

Àlàájì gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Ó tó. Má pè é."

"Papa, wetin happen?" Sájẹ́ǹtì bi í. "Na now you wan spoil am?"

Àlàájì kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Àjíṣọlá, sọ fún un. Sọ pé ìyàwó ilé mi ni ọmọ yìí. Nílé tiwa, ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ."

Àjíṣọlá kọjú sí Sájẹ́ǹtì.

"Oga, my papa say... e say she be our wife. For our place, wife no dey call her husband papa name."

Sájẹ́ǹtì wo ìka Tinúadé, kò rí òrùka. "Since when she be una wife?"

"Láàárọ̀ yìí," Àlàájì dáhùn fúnra rẹ̀. "Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan láì rí i. Ìwà òmùgọ̀ ni." Ó kọjú sí Sájẹ́ǹtì. "Pe orúkọ mi, ọmọ mi, ìwọ kì í ṣe ìyàwó ilé mi."

Àjíṣọlá túmọ̀ rẹ̀. Sájẹ́ǹtì gba ìwé lọ́wọ́ Tinúadé, ó nà ró, ó sì pè é bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ní bárékè: "Ashiru Sanni!"

"Sà!" Àlàájì dáhùn, ó gbé àyà síwájú, ó ń wọlé lọ.

Tinúadé kò mọ̀gbà tí omijé dé. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà, lórí orúnkún bíbó yẹn, Àlàájì sì gbé ọwọ́ lé e lórí bó ṣe ń kọjá. "Dìde," ó ní. "Àwọn àgbà ń dúró dè ọ́. Iṣẹ́ ni ká kọ́kọ́ ṣe."

Ó ṣe iṣẹ́ náà. Mi ò rò pé ó ti ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbọ̀ngàn náà tutù, wọ́n ti fi aṣọ bo àwọn àga kan, ohùn rẹ̀ sì lọ já gbogbo igun. Àwọn àgbà jókòó sí àga aṣòfin, wọ́n ń ta ko ara wọn lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà Orílé, wọ́n sì dìbò lé e lórí níbẹ̀ gan-an.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, Àlàájì dúró ti ìwé àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì na bírò sí Tinúadé. Amọ̀nà kì í kọ orúkọ sínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jiyàn? Ó kọ "Tinúadé", ó dúró, kò mọ èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e.

"Orúkọ bàbá tó bí ọ ni," Àlàájì ní. "Ọmọ rẹ̀ la fẹ́ wá tọrọ. Sọ fún ìyá rẹ pé a ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn."

Ó kọ Olúṣínà sí i. Àlàájì fi ọ̀pá ṣíwájú, ó jáde sínú oòrùn, ó ku Tinúadé àti Àjíṣọlá nìkan nínú gbọ̀ngàn ńlá yẹn.

"Mo mọ̀ pé a máa jà lọ́la," Àjíṣọlá ní.

"A máa jà gan-an."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti gbà ọ́ ṣáájú kí n tó béèrè, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bá mi béèrè tèmi. Tinú, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Tinúadé wò ó, tòun ti èjí rẹ̀ àti ìtìjú tí kò tíì kúrò lójú rẹ̀. Ó rántí pé òfin tí kò jẹ́ kí òun pe bàbá yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Bí òun bá ti wọlé wọn, ìyàwó ilé kì í pe ọkọ lórúkọ, títí ikú.

"Dúró," ó ní. "Jẹ́ kí n pè é dáadáa, kó tó di èèwọ̀ lẹ́nu mi."

Ó dúró sáàárín àwọn àga aṣòfin, ó gbé ohùn tó fi ń pe àlejò ní géètì sókè, ó ní, "Àjíṣọlá!" Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, jẹ́jẹ́ báyìí, bí ẹni ń tọ́ ọ wò.

"Èmi nìyí," Àjíṣọlá dáhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Tinúadé ní. "Mo máa fẹ́ ọ."